Mọ́tò Tó Ń Kéde Ọ̀gá Ẹ-Dìde

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn. Ìwọ tó o fi ọwọ́ bo àpò bí ẹni tó rí olè, gbé ọwọ́ kúrò, ìtàn ni mo fẹ́ sọ, mi ò fẹ́ yá nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá kan ni. Bó bá jọ ọ̀gá tìrẹ, èmi kọ́ ni mo ní kó jọ ọ́.

Ọ̀gá yìí ni olórí ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó mọ́tò ìjọba. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú fáìlì, kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ọ̀gá Ẹ-Dìde ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí yàrá tó fẹ́ wọ̀ tí akọ̀wé rẹ̀ ò ní kọ́kọ́ sáré wọ̀ kó pariwo pé, "Ẹ dìde! Ọ̀gá ń bọ̀!" Ẹni tó ń jẹun á dìde tòun ti ṣíbí lẹ́nu. Ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà á dìde. Nígbà tí Ọ̀gá lọ yọ eyín, akọ̀wé ṣáájú rẹ̀ wọlé, àwọn aláìsàn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú bí búrẹ́dì, gbogbo wọn ló dìde. Dókítà pàápàá dìde, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí ìdúró ló wà tẹ́lẹ̀.

Akọ̀wé yẹn náà, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Bí Ọ̀gá bá sín, á ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ò jẹ́ kó pẹ́ ká tó rí i gbà." Bí Ọ̀gá bá sọ pé òjò fẹ́ rọ̀, á gbé agbòòrùn, oòrùn ì báà máa yan wọ́n lórí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Ọ̀gá Ẹ-Dìde ń wá láyé. Ìjókòó ọ̀gá àgbà pátápátá fún gbogbo ọ̀rọ̀ ìrìnnà ti ṣófo lókè lọ́hùn-ún, Alága ìgbìmọ̀ ló sì máa sọ ẹni tó máa jókòó sí i. Ọ̀gá ti ra bàtà tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ń fi rìn nínú yàrá nílé kó lè mọ bó ṣe máa dún lórí mábù.

Àsìkò yẹn ni ìjọba kó mọ́tò oníná dé, àwọn tí kì í mu epo rárá, tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ bíi fóònù. Ọ̀rọ̀ kan sì tẹ̀ lé wọn wá. Ọ̀dọ́kùnrin tó ta mọ́tò náà fún wọn ṣàlàyé pé nǹkan kan wà nínú wọn tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀.

"Ẹ máa wà lórí bẹ́ẹ̀dì," ó ní, "ẹ máa tan éésì mọ́tò kó tutù dè yín. Ẹ máa mọ ibi tó wà, iná tó kù nínú bátìrì rẹ̀, ibi tẹ́ ẹ ti lè ṣáájì lójú ọ̀nà. Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó máa sanwó lóṣooṣù."

Alága ránṣẹ́ pé kí Ọ̀gá àtàwọn èèyàn rẹ̀ lò ó kí ọ̀fẹ́ tó tán, kí wọ́n wá sọ bóyá ó yẹ kí ìjọba máa sanwó rẹ̀ lórí gbogbo mọ́tò. Ó ní lọ́jọ́ tóun bá wá gbọ́ èsì yẹn náà lòun máa sọ ọ̀rọ̀ ìjókòó tó ṣófo. Ẹ̀yin náà rí i bí ojú Ọ̀gá á ṣe rí.

Ó pe ìpàdé. Màmá Ìṣirò, ìyẹn obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn tó ń ṣírò owó, gbé awò ojú rẹ̀ sí iwájú orí. Nígbà tó bá ti gbé e síbẹ̀, òótọ́ ló fẹ́ sọ.

"Ọ̀gá, máàpù wà lórí fóònù gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ibùdó ṣáájì méjì la ní: ọ̀kan rèé lẹ́yìnkùlé wa, ìkejì wà ní abúlé tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ta ló máa sọnù sáàárín méjì? Ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn, tó ń bẹ̀rù pé iná lè tán nínú igbó, á dáa kírú ẹni bẹ́ẹ̀ sanwó ẹ̀. Àwa tá à ń lọ sí báńkì tá à ń bọ̀ ńkọ́? Ká sanwó kí mọ́tò tó tutù? Ṣé fèrèsé ẹ̀ ò ṣeé ṣí ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá dìde, ló bá di dandan kí gbogbo wọn dìde.

"Ẹ̀yin èèyàn mi!" ó ní. "Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí irin á máa fi ohùn jẹ́ mi. Mọ́tò tí ò lè sọ̀rọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ ròyìn mi? Táyà á máa yí, ìlú ò ní mọ ẹni tó ń yí lé wọn lórí! Ẹ ń sọ̀rọ̀ owó. Owó! Ṣé wọ́n fi owó dá mi ni?"

"Wọn ò fi owó dá yín, sà!" Akọ̀wé ti ń nu omi ojú.

Màmá Ìṣirò rọra dá awò padà sójú. Ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì ni Ọ̀gá pe ọlọ́jà mọ́tò sí ọ́fíìsì kó wá fi gbogbo ohun tí áàpù orí fóònù náà ń ṣe han òun. Gbogbo ẹ̀ kàn ń sú u títí ọmọkùnrin náà fi dé ibì kan.

"Ẹ tún lè pín in fún ìyàwó yín, sà. Bẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́lé, fóònù wọn á dún, wọ́n á gbé oúnjẹ kaná."

Ọ̀gá jí. "Fóònù tiwọn á dún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kódà, ẹ lè gba ohùn sí i."

"Pín in fún gbogbo òṣìṣẹ́ mi. Bí mo bá ti ń sún mọ́ ọ́fíìsì yìí, kí fóònù gbogbo wọn ní kí wọ́n dìde. Akọ̀wé á gba ohùn sí i."

Ọlọ́jà wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣeré. Ẹni yẹn ò ṣeré rí. "Ó dáa, sà. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n máa rí? Ẹ lè yan ibi tí mọ́tò wà nìkan. Ẹ lè fi bátìrì kún un, tàbí ilẹ̀kùn, tàbí àga..."

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń yan díẹ̀? Gbogbo ẹ̀!"

"Sà, gbogbo ẹ̀ pọ̀ o."

"Èmi náà pọ̀."

"Àwọn wo ni ká kọ sí i?"

"Gbogbo ẹni tó jẹ mọ́ ilé-iṣẹ́ yìí pátá."

Akọ̀wé gba fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ látòkè, ó tẹ orúkọ lọ títí dé ẹni tó ń gbálẹ̀. Ta ló wà lókè pátápátá? Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ fi ìyẹn sápò ná, a máa padà wá mú un.

Kí ọlọ́jà tó jáde, Ọ̀gá ti pàṣẹ. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pa á lórí fóònù rẹ̀. "Ohun tí fóònù bá sọ, ẹ gbọ́, ẹ dìde, ẹ má fèsì. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wá máa ròyìn mọ́tò mi fún mi. Èmi ni mo wà nínú ẹ̀!"

Ó di àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ń wa mọ́tò bọ̀ fúnra rẹ̀, ó ti ní kí dẹ́rẹ́bà jókòó sílé kó má bàa pín nínú ògo. Bó ṣe kan ráńdábáòtù tó wà níwájú ọ́fíìsì, gbogbo fóònù inú ilé ké lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ dìde! Ọ̀gá ń bọ̀!" Ọ̀gá gbọ́ ọ láti ìta. Orí rẹ̀ wú. Kò wọ géètì mọ́, ó kọjá, ó yí ráńdábáòtù po, ó tún padà. "Ẹ dìde! Ọ̀gá ń bọ̀!" Ó tún yí i po. Inú ilé lọ́hùn-ún, àwọn òṣìṣẹ́ ń jókòó, wọ́n ń dìde, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń dìde, bí ẹni tí iyanrìn kún inú ṣòkòtò rẹ̀. Látọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí kò yí i po kó tó wọlé.

Ọ̀kan nínú wọn wà lórí ìlà ní báńkì nígbà tí fóònù rẹ̀ ké. Gbogbo èrò báńkì dìde. Mánígà náà dìde, ó ń tún táì ṣe, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ti Màmá Ìṣirò ló wá dáa jù. Orúnkún ń dùn ún. Ó gbé fóònù rẹ̀ nàró ti ògiri, òun jókòó. Akọ̀wé ní kí ló dé tí kò dìde. Ó ní, "Fóònù lo bá sọ̀rọ̀. Wò ó, ó ti dìde."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín tán ká máa lọ.

Àwọn ará abúlé tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ń ráhùn pé ibùdó ṣáájì tọ̀dọ̀ wọn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa. Alága ní kí Ọ̀gá máa lọ wò ó lọ́sàn-án títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ọ̀nà yẹn, eruku ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá lọ lẹ́ẹ̀kan. Eruku bà lé aṣọ rẹ̀. Kò lọ mọ́.

Níbo ló ń lọ? Ilé ìyá rẹ̀ ni. Igi ńlá kan wà lẹ́yìn ilé náà, òjìji rẹ̀ gbòòrò. Ọ̀gá á páàkì síbẹ̀, á na àga sẹ́yìn, á tan éésì, á sì sùn. Kò jẹ́ wọ inú ilé, torí inú ilé yẹn, òun ni wọ́n máa ní kó dìde. Ìyá rẹ̀ á kan gíláàsì kó, kó, kó.

"Olóorun! O tún ti dé?" Orúkọ tí wọ́n ń pè é láti kékeré nìyẹn.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe."

"Ìjọba ń hanrun báyìí? Jáde wá bá mi gbé omi."

"Mò ń ronú ni, Màámi."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ronú lójoojúmọ́ títí oòrùn á fi rọ̀. Ní ọ́fíìsì, àwọn fóònù ò gbẹ́nu sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló ní kí wọ́n máa rí, gbogbo ẹ̀ sì ni wọ́n ń rí. *Mọ́tò Ọ̀gá ti dúró. Àga iwájú ti na sẹ́yìn pátápátá. Éésì ń ṣiṣẹ́.* Wọ́n á kó ara wọn jọ sí ìdí tábìlì kan.

"Ó ti sùn."

"Kò tíì sùn. Ẹ dúró, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti fèrèsé ni."

"Ó ti sùn báyìí. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ má jí i."

Láàárọ̀, Ọ̀gá á kó wọn jọ, á ròyìn iṣẹ́ àná. "Oòrùn abúlé yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Àmọ́ mo dúró níbẹ̀, mo ń fi ọwọ́ ara mi kan wáyà kọ̀ọ̀kan!"

"Ẹ kú oorun, sà," ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn.

"Kí lo sọ?"

"Oòrùn ni, sà. Mo ní ẹ kú oòrùn tó pa yín."

Òfin sì ni òfin. Wọn ò gbọ́dọ̀ ròyìn mọ́tò rẹ̀ fún un.

Ọjọ́ Alága pé. Ọ̀gá ti ro gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Òun kọ́ ló máa ṣáájú dé. Kí Alága jókòó ná, kí gbọ̀ngàn ọ́fíìsì kún, kí òun wá máa bọ̀, kí fóònù ké, kí gbogbo ilé dìde fọ̀ọ̀! Bí gbogbo ilé bá dìde, ṣé Alága nìkan ni á wá jókòó bí ìkòkò? Òun náà á dìde. Ẹni tí Alága bá ti dìde fún lẹ́ẹ̀kan, báwo ló ṣe fẹ́ fi ìjókòó yẹn dù ú? Ọ̀gá wọ bàtà tuntun, ó wọ mọ́tò. Iná pupa kan ń tàn níwájú rẹ̀. Ó ti ń tàn látàná. Ọ̀gá rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

Ó dé ráńdábáòtù. Nínú gbọ̀ngàn, Alága ti jókòó, àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Gbogbo fóònù ké: "Ẹ dìde! Ọ̀gá ń bọ̀!" Àwọn òṣìṣẹ́ dìde. Àmọ́ ohùn kan tún ń ké lẹ́yìn tiwọn, láti inú àpò agbádá Alága.

Ẹ mú ohun tí mo ní kẹ́ ẹ fi sápò jáde báyìí.

Gbogbo ojú yí sí i. Alága yọ fóònù, ó gbé e sórí tábìlì. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ó ti mọ́ mi lára. Mọ́tò oníná lèmi náà ń lò, mo rí i tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàwó mi kì í jẹ oúnjẹ ọ̀sán mọ́ kó tó gbọ́ pé àga ti na sẹ́yìn."

Akọ̀wé fi fáìlì bo ojú.

Ọ̀gá ò mọ nǹkan kan. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i kí ìdìde náà lè gún régé. Ó tún yí i po. *Bátìrì Ọ̀gá ti fẹ́ tán,* ni gbogbo fóònù sọ. Akọ̀wé fẹ́ pè é.

Màmá Ìṣirò di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ gbọ́, ẹ dìde, ẹ má fèsì. Ṣé o fẹ́ rú òfin Ọ̀gá lójú Alága ni?"

*Bátìrì Ọ̀gá ti tán.*

Mọ́tò náà rọra fà, ó dúró gbagidi sí àárín ojú ọ̀nà. Ọ̀gá tẹ èyí, ó tẹ ìyẹn. Àwọn onítírélà bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Òógùn bò ó. Kí ló fẹ́ sọ pé ó dá òun dúró? Ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ lójoojúmọ́ náà ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ó pe Alága.

"Alága mi, ẹ má bínú, sà! Ibùdó ṣáájì tó wà ní abúlé ni mo wà. Mo ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó máa bọ̀. Àwọn ará abúlé ló yí mi ká, wọ́n ń dúpẹ́, wọn ò jẹ́ kí n lọ!"

"Kí ló ń dún yẹn?"

"Ìdùnnú ni, sà. Wọ́n ń fọn fèrè fún mi."

"Kúrò lójú ọ̀nà, ìwọ wèrè yìí!" ohùn onítírélà kan wọ inú fóònù.

"Ìyẹn náà ń dúpẹ́?" Alága bi í.

"Baálẹ̀ ni, sà. Ó máa ń ṣàwàdà."

"Gbé ojú sókè."

"Sà?"

"Wo òkè. Fèrèsé kejì lápá ọ̀tún. Èmi ni mò ń juwọ́ yẹn."

Ọ̀gá gbé ojú sókè. Alága ń juwọ́ lóòótọ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ ní fèrèsé, kò sẹ́ni tó jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n dìde tayọ̀tayọ̀.

Àwọn onítírélà ló bá a ti mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fẹsẹ̀ rìn wọ gbọ̀ngàn. Bàtà yẹn dún lórí mábù gan-an bó ṣe fẹ́. Akọ̀wé la ẹnu láti pariwo, ó wo Alága, ó pa ẹnu dé, ó jókòó. Bí ẹni kan ṣe jókòó, gbogbo wọn jókòó. Ọ̀gá nìkan ló wà lórí ìdúró.

"O ti ń lọ wo ibùdó abúlé lójoojúmọ́," Alága ní.

"Lójoojúmọ́, sà. Nínú oòrùn."

Alága tẹ fóònù rẹ̀. "Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ilé kan, àga nà sẹ́yìn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ibẹ̀ náà. Ọjọ́rú, ibẹ̀ náà, lọ́tẹ̀ yìí fèrèsé là díẹ̀."

"Ìyá mi ni, sà... ara wọn ò yá."

"Wọ́n ti yá. Mo yà síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, àwọn ló gbé omi fún mi mu. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí Olóorun."

Ẹ̀rín tó bú nínú gbọ̀ngàn yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí náà ti gbọ́ ọ.

Alága gbé ọwọ́ sókè. "Ohun tí mo bá wá la ò tíì sọ. Nǹkan tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ yìí, ṣé ó yẹ ká máa sanwó ẹ̀?"

Màmá Ìṣirò gbé awò ojú sí iwájú orí. "Sà, lórí àwọn mọ́tò tó kù, kò yẹ. Ohun tá a nílò nínú ẹ̀, a ti ní in lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ lórí mọ́tò kan ṣoṣo yìí..." Ó wo Ọ̀gá látòkè délẹ̀. "Nínú gbogbo ohun tí ìjọba ti ń sanwó lé lórí nínú ilé yìí, tọ̀gá tọmọṣẹ́, mọ́tò yìí nìkan ló ń sọ òótọ́. Ẹ sanwó ẹ̀, sà."

Bí wọ́n ṣe pinnu nìyẹn. Ìjókòó òkè yẹn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ọ̀gá Ẹ-Dìde náà gba ìjókòó o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: àpótí kan báyìí, níwájú ibùdó ṣáájì abúlé tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Òun ni wọ́n ní kó máa ki wáyà bọ mọ́tò níbẹ̀. Mọ́tò rẹ̀ wá di ti gbogbo ọ́fíìsì, ẹni tó bá níṣẹ́ á gbé e jáde. Wọ́n pín in fún fóònù Ọ̀gá kó lè máa mọ ìgbà tó bá ń bọ̀ wá gbaná. Kò sì sẹ́ni tó rántí, tàbí kí n ní kò sẹ́ni tó fẹ́ rántí, bí wọ́n ṣe ń yọ ohùn Akọ̀wé kúrò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, eruku ti pọ́n bàtà tuntun náà, oorun ń gbé e lọ. Fóònù ké: "Ẹ dìde! Ọ̀gá ń bọ̀!" Ó fò dìde, ó mú wáyà. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ló wa mọ́tò náà wá, Màmá Ìṣirò jókòó sẹ́yìn, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún. Ọ̀gá ki wáyà bọ̀ ọ́. Nígbà tó gbaná tó, ó yọ ọ́.

Màmá Ìṣirò sọ gíláàsì kalẹ̀. "Ẹ ṣeun o, Ọ̀gá. Ẹ jókòó, ẹ sinmi."

Mọ́tò lọ. Ọ̀gá nu àpótí, ó rọra ń jókòó. Ìdí rẹ̀ ò tíì kàn án nígbà tí obìnrin tó ń gbálẹ̀ dé orígun òpópónà. Kò wọ ọ̀nà ìlú. Ó yí mọ́tò po, ó tún ń padà bọ̀.

"Ẹ dìde! Ọ̀gá ń bọ̀!"

Ó dìde.